Wọ́n ti pààrọ̀ táǹkì ilé epo, ṣùgbọ́n kànga wa ṣì ń rùn: kí ni kí a ṣe?

Ìbéèrè: Kàbà ni ìyá mi ń gbé. Ilé epo kan wà lókè ilé wa, ibẹ̀ sí kànga wa kò ju nǹkan bí 60 mítà lọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni tó ni ilé epo náà hú táǹkì àtijọ́ kan tó ń jò, ó sì ri tuntun mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, omi kànga wa a máa rùn bẹntiróòlù. Tó bá di àárín ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn náà á lọ. Ọkùnrin náà ní táǹkì tuntun kò jò, ó sì mú ìwé àyẹ̀wò táǹkì wá fún wa. Ìyá mi ń se omi náà kí wọ́n tó mu ún, wọ́n sì fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹbí ti ń dá owó jọ kí a lè gbẹ́ bọ́ọ̀hólù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ṣé òótọ́ ni ẹni tó ni ilé epo sọ? Báwo ni a ṣe ń wá irú epo bẹ́ẹ̀ rí nínú ilẹ̀, báwo ni a sì ṣe ń mú un kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ìyá yín. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ilé epo náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ ọ́ lónìí pé kí wọ́n má mu omi kànga yẹn mọ́, kí wọ́n má fi se oúnjẹ, kí wọ́n má sì gbé e ní gbígbóná wọ balùwẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ dáadáa. Sísè tí wọ́n ń sè é ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n epo kì í ṣe kòkòrò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà tó para pọ̀ di bẹntiróòlù, mẹ́rin ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń wá nínú omi: benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene. Benzene ló léwu jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, òun kan náà ló sì ń yòrò sínú omi jù. Kí omi tó hó ni benzene ti ń hó, nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí ìyá yín ti ń se omi náà ni apá kan epo ń fi ìkòkò sílẹ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná tí wọ́n ń mí símú, tí apá tó wúwo sì ń ṣẹ́ kù sínú omi. Álọ́ọ̀mù kò lè yọ ọ́, oògùn apakòkòrò tí a ń dà sómi kò lè yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè yọ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí imú ṣe adájọ́ fún yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ pé benzene inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan gíráàmù). Ahọ́n ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n nínú omi títí yóò fi tó nǹkan bí ìlọ́po 50 iye yẹn, àwọn mìíràn kì í sì mọ̀ ọ́n títí yóò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Èyí túmọ̀ sí pé omi oṣù January tí ẹ sọ pé kò rùn yẹn lè má rùn lóòótọ́ kí ó sì ti kọjá ìwọ̀n. Bí ìdá kan péré nínú 100 bẹntiróòlù bá jẹ́ benzene, lítà kan ṣoṣo rẹ̀ ti ní èyí tó lè mú omi tó lé ní 800,000 lítà kọjá ohun tí àjọ náà gbà láyè. Mo ṣe ìṣirò yìí fún yín nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé epo díẹ̀ nínú omi púpọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan.

Ní ti ẹni tó ni ilé epo, ó ṣeé ṣe kí ó má purọ́. Táǹkì tuntun lè má jò. Ṣùgbọ́n ìwé tó mú wá kò dáhùn ohun tí ẹ ń béèrè, nítorí pé táǹkì ni wọ́n yẹ̀ wò, ilẹ̀ ni ẹ sì ń béèrè. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa bá dà sórí òkìtì yanrìn: ẹ lè yára gbé kẹ́ẹ̀gì dìde, ẹ lè ra kẹ́ẹ̀gì mìíràn pàápàá, yanrìn yẹn á ṣì máa pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ tí táǹkì ti jò sí. Epo tó wọlẹ̀ ń pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Apá kan lẹ̀ mọ́ hóró erùpẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá kan, bí ó bá pọ̀ tó, ń sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan omi inú ilẹ̀, á sì léfòó lórí rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ. Apá kan ń yòrò sínú omi náà, òun ló sì ń bá omi rìn dé kànga aládùúgbò. Apá kẹrin ń di afẹ́fẹ́ tó ń rìn gba àárín erùpẹ̀ gòkè, tó sì lè wọ inú ilé láti abẹ́ ìpìlẹ̀. Híhú táǹkì kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tó bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó sì ṣeé ṣe kí epo tó jò kí wọ́n tó mọ̀ pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Jíjò tó ń kán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń tó lítà 4 lóòjọ́, ó sì ń tó nǹkan bí lítà 1,500 lọ́dún. Nínú táǹkì tó ń gba 33,000 lítà, mìlímítà kan lórí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo lè dúró fún lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí epo bá wà ní ìdajì táǹkì. Mánijà tó ń wọn epo láràárọ̀ àti lálaalẹ́ pẹ̀lú òtítọ́ inú kò ní rí i. Mo sọ èyí kí ọ̀rọ̀ náà má baà di ìjà láàárín aládùúgbò kí ó tó di iṣẹ́.

Ilẹ̀ yín gan-an ló wá ṣàlàyé ìdí tí òórùn náà fi ń bá òjò dé. Gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Kàbà gba Ìjùmú lọ sí Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, orí àpáta àtijọ́ ló jókòó sí. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ mọ ìpele rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko: ilẹ̀ dúdú díẹ̀ lókè, yangí pupa lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ aláwọ̀ àdàlù lẹ́yìn yangí, lẹ́yìn náà àpáta tó ti jẹrà tí dígà ṣì lè wọ̀, kí ọwọ́ tó kan àpáta gidi tó ń ta iná. Inú àpáta jíjẹrà yẹn ni omi kànga sábà máa ń wà. Bọ́ọ̀hólù ní tirẹ̀ ń kọjá síbi tí àpáta gidi ti sán, inú sísán yẹn ló ti ń rí omi.

Láti nǹkan bí oṣù November títí di March, omi inú ilẹ̀ ń relẹ̀, ó sì lè relẹ̀ tó mítà mélòó kan. Epo tó wà lójú omi ń bá a sọ̀kalẹ̀, bí ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀ ló ń ta sára erùpẹ̀ tó ń gbà kọjá. Nígbà tí òjò bá padà, omi á tún gòkè wọ inú erùpẹ̀ tí epo ti lẹ̀ mọ́ yẹn, òjò tó ń wọlẹ̀ láti òkè náà á sì máa fọ epo sọ̀kalẹ̀ bá a. Epo àtijọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, kànga yín á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nítorí náà, lílọ tí òórùn ń lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn kò fi hàn pé epo ti tán. Lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé epo ṣì wà ní ìpele tí omi ti ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ní ibi tí epo bá pọ̀ gan-an, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá ni a máa ń rí i tó léfòó nínú kànga tó wà nítòsí táǹkì, nígbà tí omi bá ti fi í sílẹ̀ láti máa ṣàn wọ inú ihò. Síbẹ̀, mi ò tíì dá ilé epo náà lẹ́bi. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ilé jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ti ń da dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, tàbí ẹni tó ń tọ́jú bẹntiróòlù sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé lè wà láàárín ẹ̀yin àti ilé epo náà. Ìwádìí ló máa sọ.

Ní ti bọ́ọ̀hólù tí ẹbí fẹ́ gbẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń dá owó náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá lu ilẹ̀ gba àárín erùpẹ̀ tó ní epo kọjá lọ sínú àpáta ń la ọ̀nà fún epo láti dé ibi tí kò tíì dé. Ní ilẹ̀ olókùúta bíi tiwa, epo tó bá ti wọ inú sísán àpáta ṣòro láti tọpa, nítorí pé kì í bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ bí omi òkè. Ibi tí àpáta bá sán sí ló ń tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì ti ń fa omi lójoojúmọ́ nínú bọ́ọ̀hólù yẹn, òun fúnra rẹ̀ á máa fa epo wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo ti wà ní àdúgbò kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ilé mẹ́ta tí kànga wọn mọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń pọn omi tó ń rùn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, kí ó jìnnà dáadáa, kí ó wà ní apá òkè ilé epo níbi tí omi inú ilẹ̀ ti ń bọ̀, kí ìwádìí sì ti fi ọ̀nà omi hàn kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Fún ìsinsìnyí, omi láti ibòmíràn ni kí ìyá yín máa lò, ìbáà ṣe omi òjò tí a gbè láti orí páànù tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú kànga yẹn láti fọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà inú kòtò ló ń kó jọ sí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè dákú kí ó tó lè ké, ẹni tó bá tẹ̀ lé e wọlé láti yọ ọ́ á sì dákú tẹ̀ lé e. Àtùpà, àbẹ́là, sìgá, àti ẹ̀rọ ìfami oníná tí wáyà rẹ̀ ti já lè gbiná lẹ́nu kànga bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ tì í ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dí i pa, nítorí pé a ṣì máa lò ó fún àyẹ̀wò.

Ìwádìí fúnra rẹ̀ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹnu àwọn àgbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún wo ni wọ́n ri táǹkì àkọ́kọ́? Ibo gan-an ni kòtò rẹ̀ wà, ibo sì ni páìpù gbà dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo? Nígbà tí wọ́n hú u, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ń rùn, kí ni wọ́n sì ṣe sí erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á da erùpẹ̀ kan náà padà yí táǹkì tuntun ká, tàbí kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ fi kún kòtò ilé rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ti ta epo níbẹ̀ rí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ jíjò kò ti ara táǹkì wá rárá; ojú ibi tí páìpù ti so kọ́ra àti ẹnu ibi tí táńkà ti ń já epo ni ilẹ̀ ti sábà máa ń mu jù.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ọ̀nà tí omi inú ilẹ̀ ń gbà. Bíríkìlà kan tó ní rọ́bà omi tó fi ń wọn ìpìlẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ yan kànga bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ní àdúgbò, lókè àti nísàlẹ̀ ilé epo, ẹ fi rọ́bà yẹn mọ bí ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan ti ga sí èkejì rẹ̀, kí ẹ sì wọn jíjìn omi inú gbogbo wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi. Ibi tí ojú omi bá ti ga ni omi ti ń bọ̀, ibi tó bá ti relẹ̀ ló ń lọ. Kànga mẹ́ta tí kò sí lórí ìlà kan náà ti tó láti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olókùúta mo fẹ́ kí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé àpáta tó sán lè yí omi sí apá tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ìgbà yìí ni onímọ̀ ilẹ̀ yóò wá dé pẹ̀lú irin ìlulẹ̀. Yóò lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí táǹkì àtijọ́ wà, sí ẹsẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta epo, sí ojú ọ̀nà páìpù, àti sí ibi kan lókè tí kò yẹ kí epo dé, kí ó lè ní ohun tí yóò fi wé e. Ní mítà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa bu erùpẹ̀, tí yóò sì fi ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré kan tó ń mọ afẹ́fẹ́ epo wò ó. Èyí tí ẹ̀rọ náà bá dún fún jù ni yóò gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Díẹ̀ nínú àwọn ihò náà ni yóò sọ di kànga ìṣọ́: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ayùn là lára níbi tí omi ti ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, amọ̀ tó ń wú sì dí i lókè kí omi òjò má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ojú ibi tí a là kò bá kọjá ojú omi sókè, epo tó léfòó kò ní lè wọlé, onítọ̀hún á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí epo. Ẹ bi í léèrè nípa èyí; ó yẹ kí ó lè fi hàn yín nínú àwòrán kànga náà.

Bí wọ́n ṣe ń bu omi ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ìgò omi rọ́bà tí a rà lójú pópó kò dára fún un, nítorí pé benzene ń sá gba ara rọ́bà àti ẹnu ìgò lọ. Ìgò gíláàsì kékeré tí kò gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni a ń lò, a ó kún un títí tí kò ní sí òfuurufú kankan lábẹ́ ìdérí, a ó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó sì gbọ́dọ̀ dé ilé àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 7, tàbí 14 bí a bá ti fi ásíìdì díẹ̀ sí i. Ẹ ti mọ bí ọ̀nà wa ti rí. Bí kúlà bá sùn sí gáréèjì lálẹ́ kan nínú ooru kí ó tó dé Abùjá tàbí Ìlọrin, èsì tó máa ti ibẹ̀ jáde lè sọ pé omi yín mọ́ nígbà tí kò mọ́. Ẹ tẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ẹ sọ fún ilé àyẹ̀wò pé benzene àti àwọn mẹ́ta yòókù ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò, pẹ̀lú àpapọ̀ epo inú omi. Bí ilé epo náà bá ti pẹ́ gan-an, kí wọ́n wo òjé nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n máa ń fi òjé sí bẹntiróòlù láyé àtijọ́.

Àwọn kan rò pé ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde ní ọdún 2011, èyí tó burú jù nínú omi mímu tí wọ́n rí wà ní Nisisioken Ogale, níbi tí benzene inú kànga ti ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ ní ìlọ́po 900. Epo tí a ti fọ̀ tán, irú èyí tí a ń tà ní ilé epo, ni wọ́n bá lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, tó léfòó lórí omi pẹ̀lú nínípọn sẹ̀ńtímítà 8.

Ní báyìí tí a ti mọ ibi tí epo wà, a lè sọ̀rọ̀ mímú un kúrò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, kànga yín sì ni làpálàpá níbí. Bí ẹ bá ń gbọ́n omi rẹ̀ dànù lójoojúmọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, epo tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lókè á tún máa rán òmíràn wá. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tún gbogbo páìpù ilé epo náà yẹ̀ wò pẹ̀lú agbára afẹ́fẹ́ tàbí omi, títí kan àwọn tí wọn kò pààrọ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ táǹkì. Èkejì ni kí wọ́n bu epo tó bá léfòó kúrò, pẹ̀lú ohun èlò tó ń kó epo láìkó omi púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni erùpẹ̀.

Erùpẹ̀ tó bá wà nítòsí, tí kò jìn ju mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, mo fara mọ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde, nítorí pé owó rẹ̀ ṣeé mọ̀ ṣáájú, a sì ń fi ojú rí i pé ó kúrò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e lọ ni kí ẹ ṣọ́. A ó tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tàbí ọ̀rá nínípọn tí kò jò, lábẹ́ òrùlé, ní ibi tó jìnnà sí ilé àti odò, a ó po ìgbẹ́ adìẹ tàbí ajílẹ̀ NPK mọ́ ọn, a ó máa wọ́n omi sí i kí ó lè tutù bí ilẹ̀ ọgbà, a ó sì máa yí i láti lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó wà nínú erùpẹ̀ ló ń jẹ epo náà. Ìgbẹ́ adìẹ kò ṣe ju pé ó ń fún wọn ní nitrogen àti phosphorus tí epo kò ní. Ooru ilẹ̀ wa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ìyẹn sì jẹ́ àǹfààní tí àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù kò ní. Láàárín oṣù mélòó kan, bí a bá ṣe é dáadáa, bẹntiróòlù inú rẹ̀ á ti lọ púpọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kí àyẹ̀wò tó fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi erùpẹ̀ yẹn mọ búlọ́ọ̀kù tàbí kí ó fi dí ìpìlẹ̀ ilé.

Èyí tó bá jìn ju ohun tí a lè gbẹ́ lọ, tàbí tó wà lábẹ́ ilé epo tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a lè fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ jáde kí afẹ́fẹ́ epo lè máa bá a jáde. Ọ̀nà yìí dára nínú yangí oníhò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára nínú amọ̀ tó lẹ̀. A tún lè fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú omi láti ìsàlẹ̀, tàbí kí a fa omi jáde kí a sì sẹ́ ẹ gba inú èédú tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ iná mànàmáná láìdáwọ́dúró, èédú náà ń kún, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé pààrọ̀. Mo ti rí i tí a gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ju oṣù díẹ̀ lọ nítorí owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá dábàá ẹ̀rọ ni pé ta ni yóò máa san owó iná rẹ̀ lọ́dún kejì.

Fún omi tó ti rìn jìnnà sí ilé epo, bí a bá ti mú orísun rẹ̀ kúrò lóòótọ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan náà ń jẹ benzene nínú omi. Nígbà tí wọ́n bá ti lo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n á máa lo irin tó wà nínú ilẹ̀ pupa wa dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi kànga tí epo ti kàn fi lè mọ́ lójú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́, tí yóò sì pọ́n bí ìpẹtà nígbà tó bá dúró nínú ike. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kalifọ́níà, Amẹ́ríkà, ní àárín ọdún 1990 sí 1999 fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi oníbenzene láti ilé epo kì í rìn ju nǹkan bí 80 mítà lọ kí ó tó dúró. Àmọ́ inú ilẹ̀ oníyanrìn àti amọ̀ ni ọ̀pọ̀ irú iye bẹ́ẹ̀ ti wá, mi ò sì ní fi lé ilẹ̀ tí àpáta rẹ̀ sán lórí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ wẹ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò tó dájú, kí ó sì fi hàn pé iye náà ń dínkù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àìṣe nǹkan kan ni.

Ní ti òfin, Àṣẹ ilé epo wà lọ́wọ́ NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí Òfin Iṣẹ́ Epo ti ọdún 2021 dá sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà yín sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àyíká ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tó da epo sílẹ̀ ló yẹ kó sanwó ìwádìí àti ti mímú un kúrò. Ìlànà tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń tẹ̀ lé láti ọdún 1991, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ní nọ́ńbà méjì fún epo inú erùpẹ̀: mílígíráàmù 5,000 nínú kílò kan, tó bá dé ibẹ̀ iṣẹ́ di dandan, àti 50, tí í ṣe ibi tí iṣẹ́ ń lépa. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan ń dúró ní kété tí wọ́n bá ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 5,000, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. UNEP bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ní Ògóni. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nọ́ńbà kejì ni ẹ ń retí, àti pé omi inú kànga ni yóò jẹ́rìí ìkẹyìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ààfin, mo gbà pé ó lè yanjú níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn ju ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi owó ìtura lásán parí rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò, nítorí pé epo náà á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá tún ra ilẹ̀ náà.

Ẹ̀fọ́ ìyá yín ló kù. Kí wọ́n dá bíbomi rin in láti inú kànga yẹn dúró. Benzene púpọ̀ ló ń fò lọ nígbà tí omi bá kan ilẹ̀ gbígbóná, nítorí náà mi ò rò pé ilẹ̀ ọgbà náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo kàn fẹ́ kí onímọ̀ ilẹ̀ bu erùpẹ̀ ibẹ̀ mọ́ èyí tó ń gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ ibẹ̀ sílẹ̀ títí èsì yóò fi dé. Ní ti kànga, ẹ bu omi àkọ́kọ́ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní March, kí ẹ sì bu èkejì nígbà tí òjò bá kún jù, ní September. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́, mo fẹ́ rí irú èsì méjèèjì yìí fún ọdún méjì léraléra, kí benzene inú èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lábẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan, kí ìyá yín tó tún fi korobá kan kànga náà nítorí omi mímu.